Bàtà Òjò Tí A Fi Jó: Orin Àwọn Tí Wọ́n Tìlẹ̀kùn Ilé Mọ́ Síta, àti Ìjọba Àwa-Ara-Wa ní Gúúsù Áfíríkà

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan nípa ìtàn. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o jẹ́ oníròyìn, o ò gbọdọ̀ ṣàwáwí." Mo ronú títí, ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn ni bàtà òjò.

Ṣé ẹ rántí Ọjọ́ Àṣà ọdún 2005, nígbà tí a wà ní SS2? Kíláàsì kan jó bàtá, òmíràn ṣe ìyàwó àti ọkọ, wọ́n so gèlè tó ga bí òkè. Àwa ní tiwa, olùkọ́ orin wa ní ká lọ wá bàtà òjò, ìyẹn bàtà rọ́bà gígùn tí àwọn tó ń fọ mọ́tò máa ń wọ̀. A tò sórí pápá, à ń fọwọ́ gbá bàtà, à ń fẹsẹ̀ kilẹ̀. Gbogbo ilé-ìwé ń rẹ́rìn-ín. Àwa náà ń rẹ́rìn-ín, torí a rò pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Ọ̀gá wa kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Nígbà tí a jó tán, ó pè wá jọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní, "Eré kọ́ lẹ ṣe yẹn o. Àwọn tó dá ijó yẹn sílẹ̀, inú kòtò góòlù ni wọ́n wà." Lẹ́yìn náà ló sọ fún wa pé nígbà tí òun wà ní ilé-ìwé girama lọ́dún 1977, òun yọ nínú owó oúnjẹ òun láti fi ṣèrànwọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Gúúsù Áfíríkà. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ ẹni tí mò ń sọ. Ẹ má dárúkọ ẹ̀, kò fẹ́ ariwo.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ èyí? Ọ̀kan nínú àwa tí a jọ jó lọ́jọ́ náà lọ ṣòwò ní Johannesburg, ó ń ta fóònù. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2019, nígbà tí àwọn èèyàn dìde sí àwọn àjèjì níbẹ̀, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, wọ́n kó ọjà inú ẹ̀ lọ. Nígbà tó padà wálé, ó bi mí ní ìbéèrè kan, ó ní: "Ṣé torí èyí ni Ọ̀gá ṣe fi ebi pa ara ẹ̀?" N kò lè dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn mi ni mo wá kọ síbí yìí, ẹ bá mi dá sí i bóyá mo gba á tàbí mi ò gba á.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú kòtò. Ọdún 1886 ni wọ́n rí góòlù ní agbègbè tó di Johannesburg. Àwọn ọkùnrin wá láti abúlé àti láti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká, wọ́n wá ń walẹ̀ fún owó táṣẹ́rẹ́. Omi máa ń dúró nínú kòtò, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fún wọn ní bàtà rọ́bà. Èdè wọn pọ̀ lọ kítikìti, ọ̀gá tó ń ṣọ́ wọn kì í sì í fẹ́ gbọ́ ohùn wọn. Bàtà ọ̀hún ni wọ́n sọ di ìlù. Nígbà tó bá di ọjọ́ ìsinmi, wọ́n á tò, wọ́n á gbá a, wọ́n á fi sín ọ̀gá jẹ. Bí ijó yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tó fi dé orí pápá wa.

Ní 1948, ẹgbẹ́ òṣèlú tó gbàjọba sọ ìyàsọ́tọ̀ di òfin, òun ni gbogbo ayé mọ̀ sí apartheid. Èèyàn dúdú kò lè dìbò. Kò lè gbé ibi tó wù ú. Bó bá jáde láìmú ìwé àṣẹ ìrìn lọ́wọ́, àtìmọ́lé ló ń lọ. Ní ọjọ́ 21 Oṣù Kẹta 1960, àwọn èèyàn kóra jọ ní Sharpeville láti kọ ìwé ọ̀hún, ọlọ́pàá sì yìnbọn pa èèyàn 69. Kò pé oṣù kan tí ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ ANC àti PAC. Láti ìgbà náà ni àwọn olórin ti ń bọ́ síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé eré ni wọ́n lọ ṣe lókè òkun, kí wọ́n tó ṣe tán, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ilé mọ́ wọn síta.

Ọ̀kan nínú wọn ni Miriam Makeba. Wọ́n bí i ní Johannesburg ní ọjọ́ 4 Oṣù Kẹta 1932. Ọmọ ọjọ́ 18 ni nígbà tí wọ́n mú ìyá rẹ̀ torí pé ó pọn ọtí ìbílẹ̀ tà, inú ẹ̀wọ̀n ni ìyá àtọmọ sì ti lo oṣù mẹ́fà. Ó dàgbà, ó ń kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ Manhattan Brothers, ó sì ṣe olórí obìnrin nínú eré orin King Kong lọ́dún 1959. Ọdún yẹn kan náà ló kúrò nílé torí fíìmù kan tó kópa nínú ẹ̀, *Come Back, Africa*, tó ń fi bí ayé èèyàn dúdú ṣe rí níbẹ̀ han aráyé. Ó dé Fẹ́níìsì, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, Harry Belafonte sì ràn án lọ́wọ́ dé Amẹ́ríkà.

Ìyá rẹ̀ kú lọ́dún 1960. Ọmọ fẹ́ lọ sìnkú. Nígbà tó mú páásìpọ́ọ̀tù rẹ̀ dé ọ́fíìsì ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀, wọ́n sọ fún un pé páásìpọ́ọ̀tù ọ̀hún kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wa pé kí ọmọ wà láyé kó má lè bu yẹ̀pẹ̀ sí ìyá rẹ̀ lórí. Ní 1963 ó dúró níwájú ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ apartheid, ó sọ ohun tí ojú àwọn èèyàn rẹ̀ ń rí. Ìjọba gba ọmọ-ìlú lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fòfin de àwo orin rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó yani lẹ́nu. Orin rẹ̀ tó rìn jìnnà jù lọ ni "Pata Pata", tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1967. Ijó ilé ọtí ládùúgbò èèyàn dúdú ni pata pata, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju "fọwọ́ kàn án, fọwọ́ kàn án" lọ. Makeba fúnra rẹ̀ kò kà á sí orin pàtàkì rárá. Àmọ́ èèyàn tí kò lè fi ìka tọ́ Johannesburg lórí máàpù ló ń jó ijó Johannesburg nínú pálọ̀ ilé ẹ̀. Ìjọba lè gba páásìpọ́ọ̀tù lọ́wọ́ olórin. Kò rọrùn láti gba ijó lẹ́sẹ̀ ẹni tó ti kọ́ ọ.

Ní 1968, ó fẹ́ Stokely Carmichael, ajàfẹ́tọ̀ọ́ èèyàn dúdú. Àwọn tó ń pè é sóde eré ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún un. Ni ó bá kó lọ sí Guinea, níbi tí Ààrẹ Sékou Touré ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó lo bí ọdún 15 níbẹ̀, ó sì bá Guinea sọ̀rọ̀ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Páásìpọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ló ní nígbà ayé ẹ̀. Ìlú bí mẹ́sàn-án sọ pé "ọmọ wa ni ẹ́," ìlú tó bí i ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ní 1985, Bongi, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kú. Conakry ló sin ín sí. Kò sin ìyá rẹ̀ nílé, ó sin ọmọ rẹ̀ sájò. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kónílé má relé, àmọ́ kí ni ká sọ nípa onílé tí wọn kò jẹ́ kó relé?

Ẹnì kejì ni Hugh Masekela, ẹni tó fẹ́ Makeba fún ìgbà díẹ̀ láàárín ọdún 1964 sí 1966. Wọ́n bí i ní Witbank lọ́dún 1939. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Trevor Huddleston ló bá a wá fèrè trumpet àkọ́kọ́ nígbà tó wà nílé-ìwé, Louis Armstrong sì fi òmíràn ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà sí ẹgbẹ́ olórin ilé-ìwé náà ní 1956. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbọ́ yẹn o: ọmọ ilé-ìwé tí ẹnì kan fún ní fèrè. Ó kúrò nílùú ní 1960, lẹ́yìn Sharpeville. Orin rẹ̀ "Grazing in the Grass" gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1968.

Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kì í ṣe ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì dé ọ̀dọ̀ Fẹlá ní Èkó. Fẹlá ló júwe ẹgbẹ́ Hedzoleh Soundz ti Ghana fún un, àwọn ni wọ́n sì jọ gbé àwo jáde lọ́dún 1973. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó gbé "Stimela" jáde. Ẹ fi orin yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀. Orin ọkọ̀ ojú irin ni. Ó ń sọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tí rélùwéè ń kó láti Malawi, Zambia, Angola, Mozambique, Lesotho àti àwọn ilẹ̀ mìíràn wá sínú kòtò góòlù Johannesburg, tí wọ́n ń ronú ìyàwó àtọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1980, ó sún mọ́ ilé, ó ń gbé ní Botswana. Ibẹ̀ ni lẹ́tà kan ti bá a lọ́dún 1985, tí Mandela kọ láti inú ẹ̀wọ̀n láti fi kí i kú ọjọ́ ìbí. Ẹ rò ó wò: ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ló ń kí ẹni tó wà lómìnira! Inú lẹ́tà yẹn ni orin "Bring Him Back Home" ti wá, tó jáde ní 1987, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá Mandela padà sílé. Ní Oṣù Kẹfà 1985, àwọn ṣójà apartheid ya wọ Gaborone lóru, wọ́n pa èèyàn 12. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé Jonas Gwangwa, olórin ẹgbẹ́ rẹ̀, ní ìlú kan náà. Ìjọba tó ní orin kò lágbára, kí ló ń fi bọ́ǹbù wá nílé olórin?

Gwangwa yìí ló darí ẹgbẹ́ eléré ANC tí wọ́n ń pè ní Amandla láti 1980 títí di 1990. Àwọn ọ̀dọ́ tó sá kúrò nílé, tó jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn wà ní àgọ́ ológun ní Angola, ló kó jọ. Wọ́n gbé orin àti ijó wọn káàkiri ayé, ijó bàtà òjò wà lára rẹ̀. Ní abẹ́lé, ijó mìíràn ń jà. Toyi-toyi ni wọ́n ń pè é. Láti àgọ́ àwọn ajàgbara ní ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sọ pé ó ti wọlé. Ẹnì kan á dá orin, ọgọ́rùn-ún á gbè é, wọ́n á gbé orúnkún sókè, wọ́n á kilẹ̀ pa pọ̀ bọ̀ níwájú ọlọ́pàá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń jó níwájú egúngún, ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù kì í bá ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ti mú ìlù.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló padà o. Ní 1964, ẹgbẹ́ Blue Notes lọ ṣeré ní ilẹ̀ Faransé. Olórí wọn, Chris McGregor, jẹ́ òyìnbó, àwọn yòókù jẹ́ dúdú, òfin kò sì fẹ́ kí irú wọn jọ ṣeré. Mongezi Feza kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1975. Johnny Dyani kú ní Jámánì ní 1986. Chris McGregor kú ní Oṣù Karùn-ún 1990, Dudu Pukwana kú ní oṣù tó tẹ̀lé e, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí Mandela jáde lẹ́wọ̀n. Nínú àwọn tó dúró sájò, Louis Moholo nìkan ló wà láyé láti kó padà sílé, ní 2005. Nígbà tí a bá ń sọ pé ìjọba àwa-ara-wa dé, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé àwọn tó wà lọ́nà tí ilẹ̀ fi ṣú.

Kí ni tiwa níbẹ̀? Ní ọjọ́ 16 Oṣù Kẹfà 1976, àwọn ọmọ ilé-ìwé Soweto jáde torí wọ́n fẹ́ fi èdè Afrikaans kọ́ wọn ní tipátipá. Wọ́n yìnbọn sí wọn. Ìparí ọdún yẹn ni ìjọba wa ní Nàìjíríà dá àpò ìrànwọ́ kan sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń dá nínú owó oṣù wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dá nínú owó oúnjẹ, àwọn èèyàn sì ń pè é ní owó orí Mandela. A gba akẹ́kọ̀ọ́ wọn sí ilé-ìwé wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1977, Makeba wá kọrin ní FESTAC ní Èkó. Ọdún yẹn náà ni Sonny Okosun gbé "Fire in Soweto" jáde, tó ń dún ní gbogbo pátí. Ọ̀gá wa sọ fún wa pé orin yẹn ni òun kọ́kọ́ mọ̀, kí òun tó mọ ibi tí Soweto wà. Orin ló ṣíwájú, owó ló tẹ̀lé e.

Mandela jáde ní ọjọ́ 11 Oṣù Kejì 1990. Ní Oṣù Kẹfà, Makeba fi páásìpọ́ọ̀tù ilẹ̀ Faransé wọ ìlú tí wọ́n bí i sí, lẹ́yìn ọdún 31. Masekela náà padà lọ́dún yẹn. Ní ọjọ́ 27 Oṣù Kẹrin 1994, àwọn èèyàn tò lórí ìlà láti dìbò, àgbàlagbà tó ń tẹ̀ka fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀ wà lára wọn. Orin tí wọ́n ń kọ nígbèkùn, "Nkosi Sikelel' iAfrika", di orin orílẹ̀-èdè. Ní 1997 wọ́n pa á pọ̀ mọ́ orin ìjọba àtijọ́, ó di orin kan ní èdè márùn-ún. Ẹ sì mọ ẹni tó kọ ọ́? Enoch Sontonga, olùkọ́ ilé-ìwé míṣọ́ọ̀nù, ló kọ ọ́ ní 1897.

Ká ní ibí ni ìtàn parí sí, ọ̀rẹ́ wa kò ní bi mí ní ìbéèrè. Àmọ́ ní Oṣù Karùn-ún 2008, ọdún 14 lẹ́yìn ìdìbò yẹn, wọ́n dìde sí àwọn àjèjì, ó lé ní 60 èèyàn tó kú. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n lé jẹ́ ọmọ Zimbabwe, Mozambique àti Malawi, àní àwọn ilẹ̀ tí Masekela dárúkọ nínú "Stimela", tí bàbá wọn gbẹ́ góòlù tí wọ́n fi kọ́ ìlú yẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ 9 Oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, Makeba kọrin ní Castel Volturno ní Ítálì, lóde eré tí wọ́n ṣe láti tako àwọn ọ̀daràn tó ń jẹ gàba lágbègbè náà. Oṣù méjì ṣáájú ni wọ́n ti yìnbọn pa àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mẹ́fà níbẹ̀. Ó kọ "Pata Pata", ó kúrò lórí ìtàgé, kò pẹ́ tó fi dákẹ́. Ẹni ọdún 76 ni. Ìlú àjèjì ló kú sí, níbi tí wọ́n ti pa àjèjì.

Kí a tó tọ́ka sí wọn, ẹ jẹ́ ká wo ilé tiwa náà. Ní 1969, ìjọba Busia ní Ghana lé àwọn àjèjì, àwọn Yorùbá tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ayé bàbá wọn sì fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Ní Oṣù Kìíní 1983, àwa náà lé ọmọ Ghana, títí dòní a ṣì ń pe báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí ní Ghana Must Go, tí a fi ń ṣe ẹ̀rín. Ìjọba tí àwọn èèyàn dìbò yàn ni méjèèjì. Ìdìbò nìkan kò dá ẹnikẹ́ni dúró kó má lé ẹlòmíràn.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìgbésí ayé àwọn olórin yìí nìyí. À ń pe dẹmokírésì ní ìjọba àwa-ara-wa. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni "àwa"? Apartheid ní òyìnbó nìkan ni "àwa". Ẹni tó fọ́ ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ wa ní ọmọ onílẹ̀ nìkan ni. Makeba àti Masekela ti jẹ àtìpó tó ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ti sùn nílé Guinea, Ghana, Botswana àti Èkó, torí náà "àwa" tiwọn fẹ̀. Ó gba àjèjì tó ń walẹ̀, ó gba Ọ̀gá wa tó jẹ́ ọmọ ilé-ìwé girama ní Nàìjíríà. Orin wọn ló fi "àwa" yẹn hàn kí ìwé òfin tó kọ ọ́.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, ìdáhùn mi nìyí. Owó Ọ̀gá kò ṣòfò. Kì í ṣe gbèsè, a kò yá wọn lówó. Ó san án kí ọmọ tí kò mọ̀ rí lè máa lọ sílé-ìwé láìjẹ́ pé wọ́n yìnbọn sí i, ìyẹn sì ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọ burú, a kò ní fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ kò gbọ́ "Stimela" yé. Tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá sì tún ń fi Ghana Must Go rẹ́rìn-ín, a kò gbọ́ ọ yé bákan náà.

Lọ́jọ́ ìpàdé wa, mo ti bẹ àwọn tó ń ṣètò pé kí wọ́n fún wa ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí àwa tí a jó lọ́dún 2005 tún wọ bàtà òjò, bí ikùn bá ṣì gbà wá láyè láti tẹ̀ba gbá a. Ọ̀rẹ́ wa ní òun á wá, ó ti ra bàtà tiẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yin òǹwòran lè rẹ́rìn-ín wa o, àwa fúnra wa ti mọ ohun tí à ń jó. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sí iwájú.